Kí ni ká gbàdúrà lé lórí fún àwọn ìjọ Ọlọ́run ní Jámánì?

Ìyá kan ní Ìbàdàn, tí wọ́n jẹ́ olórí ẹgbẹ́ aládùúrà nínú ìjọ Áńgílíkà wọn, ló kọ̀wé sí mi. Ìjọ wọn ti mú Jámánì gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè tí wọn yóò máa gbàdúrà fún. Ọmọ wọn obìnrin ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Dortmund, ó sì sọ fún wọn pé ṣọ́ọ̀ṣì tó wà nítòsí ilé òun, àwọn arúgbó díẹ̀ ló ń jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ní kí wọ́n máa bẹ Ọlọ́run pé kó jí òkú ìjọ náà dìde. Àwọn mìíràn ní ìdájọ́ ló dé bá wọn, pé wọ́n ti sọ ṣọ́ọ̀ṣì di mọ́sáláṣí àti ilé ọtí. Ìyá wá béèrè pé: "Kí ni ká gbàdúrà lé lórí gan-an? Ọmọ mi ńkọ́, ṣé kó máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn òyìnbó yẹn ni, àbí kó wá ìjọ ọmọ Nàìjíríà lọ?"

Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, ẹ kú àmójútó ọmọ láti òkèèrè. Ẹ gbàdúrà fún wọn, ṣùgbọ́n ẹ má gbàdúrà òkú lé wọn lórí. Ìjọ tó wà ní Jámánì lónìí, ó ti rẹ̀ ẹ́ níbì kan, ojú ń tì í níbì kan, àwọn ibì kan sì wà tí ara rẹ̀ le ju tiwa lọ. Ẹni tó bá fẹ́ bá a gbàdúrà gbọ́dọ̀ mọ ibi tó ń dùn ún. "Olúwa, jí Yúróòpù dìde" rọrùn láti gbà ládùúrà. Kì í gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ, gbogbo ilé á ṣe Àmín, kò sì ní sí ẹni tó máa mọ̀ láé bóyá ó gbà tàbí kò gbà.

Ẹ̀yin ará Ìbàdàn ló yẹ kó kẹ́yìn nínú àwọn tó máa sọ̀rọ̀ Jámánì bí ẹni ń sọ̀rọ̀ àjèjì. David Hinderer tó gbé Ìhìnrere wá sí Ìbàdàn kì í ṣe ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Áńgílíkà ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló rán an. Ọmọ Württemberg ni, ní gúúsù Jámánì. Ọdún 1851 ló kọ́kọ́ wọ ìlú yín, ní 1853 òun àti Anna aya rẹ̀, tí òun jẹ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, wá tẹ̀dó. Nígbà ogun Ìjàyè, tí gbogbo ọ̀nà dí, ebi pa wọ́n débi pé wọ́n ń ta ẹrù ilé kí àwọn ọmọ tí wọ́n gbà tọ́ lè rí nǹkan jẹ. Gollmer tó bá Townsend àti Crowther gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1845, ọmọ Württemberg ni. Adolphus Mann tó sìn ní Ìjàyè kí ìlú náà tó fọ́ ní 1862, ọmọ ibẹ̀ ni òun náà. Ní ìgbèríko Württemberg nígbà yẹn, àgbẹ̀ àti oníṣẹ́ ọwọ́ a máa péjọ nínú ilé ara wọn láti ka Bíbélì àti láti gbàdúrà. Láti inú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nnárì ní Basel, ní Switzerland. CMS sì máa ń gbà wọ́n síṣẹ́ nítorí pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó fẹ́ wá sí ilẹ̀ wa nígbà náà kò tó nǹkan. Àwọn baba àti ìyá tí wọ́n gbàdúrà fún Ìbàdàn kí ẹnikẹ́ni ní Ìbàdàn tó mọ̀ pé wọ́n wà, ọmọ wọn lẹ fẹ́ gbàdúrà fún yìí.

Ọ̀rọ̀ mọ́sáláṣí, mo mọ ibi tó ti wá. Ní Hamburg, ilé ìsìn Kapernaum wà tí ìjọ kò lò mọ́ láti 2002. Wọ́n tà á fún oníṣòwò, ọdún sì gorí ọdún kí ẹgbẹ́ Mùsùlùmí kan tí wọ́n ń kírun nínú ibi ìgbọ́kọ̀sí abẹ́ ilé tó rà á lọ́wọ́ ẹni yẹn ní 2012. Irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Èyí tó wọ́pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ ni kí ilé ìsìn di ibi àfihàn àwòrán, ilé gbígbé, tàbí kí wọ́n wó o lulẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2018, wọ́n fi katakata wó ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Immerath nítorí pé èédú wà lábẹ́ abúlé náà, ilé iṣẹ́ iná mànàmáná sì fẹ́ wà á. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi Mùsùlùmí dẹ́rù bà yín lórí ọ̀rọ̀ yìí. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wọn ni ìṣòro ti wá.

Ìjọ ńlá méjì ló wà níbẹ̀: Kátólíìkì, àti ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì tí wọ́n ń pè ní evangelisch, tí ìjọ ẹkùn 20 para pọ̀ sábẹ́ àgbájọ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ EKD. Nígbà tí ọdún 2024 fi parí, Kátólíìkì kù díẹ̀ kó tó mílíọ̀nù 20, EKD sì kù díẹ̀ kó tó mílíọ̀nù 18, nínú orílẹ̀-èdè tó ní èèyàn bíi mílíọ̀nù 83. Àpapọ̀ àwọn méjèèjì kò tó ìdajì àwọn ará ìlú mọ́. Ní ọdún yẹn nìkan, èèyàn tó lé ní 321,000 fi Kátólíìkì sílẹ̀, nǹkan bí 345,000 sì kúrò nínú EKD. EKD sin ọmọ ìjọ bíi 330,000, ó sì ṣe ìrìbọmi fún nǹkan bí 110,000. Ẹ ò ní nílò onímọ̀ ìṣirò láti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ní 2019, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Freiburg sọ pé tó bá fi máa di 2060, iye ọmọ ìjọ méjèèjì yóò ti dín sí ìdajì ohun tó jẹ́ ní 2017. Bó ṣe ń lọ yìí, ó dà bíi pé wọn ò ní dúró de 2060.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí ènìyàn ṣe ń "kúrò nínú ìjọ" níbẹ̀, nítorí kò jọ tiwa rárá. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá bínú kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò ní wá mọ́ ni, ó tán. Ní Jámánì, ìwé ni. Nígbà tí ọmọ yín dé Dortmund, tó lọ forúkọ ilé tó ń gbé sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìlú, fọ́ọ̀mù tí wọ́n gbé fún un ní ààyè kan tó béèrè ẹ̀sìn. Tó bá kọ ọ̀kan nínú ìjọ ńlá méjèèjì síbẹ̀, ìjọba á máa bá ìjọ náà yọ owó orí ìjọ lára owó oṣù rẹ̀. Ìlà tirẹ̀ dá wà lórí ìwé owó oṣù. Ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún ni, ìdá 8 ní Bavaria àti Baden-Württemberg, kì í sì í ṣe ti owó oṣù gan-an, ti owó orí tó san fún ìjọba ni. Ẹni tí owó orí rẹ̀ bá jẹ́ 400 yúrò lóṣù, 36 yúrò ni ìjọ máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Dortmund. Ẹni tó bá fẹ́ kúrò á lọ sí kóòtù àdúgbò, á mú káàdì ìdánimọ̀ dání, á san 30 yúrò, á bọwọ́ lùwé. Pásítọ̀ kankan kò sí níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní bi í pé kí ló dé. Ó lè pẹ́ díẹ̀ kí lẹ́tà tó dé láti ọ̀dọ̀ ìjọ pé "a gbọ́ pé ẹ ti kúrò, ó dùn wá". Ní ti Kátólíìkì, àwọn bíṣọ́ọ̀bù tilẹ̀ gbé òfin jáde ní 2012 pé ẹni tó bá kúrò báyìí kò lè gba sákírámẹ́ńtì mọ́, kò sì lè ṣe bàbá tàbí ìyá ìsàmì fún ọmọ ẹlòmíràn.

Nítorí náà, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kúrò kì í ṣe ọ̀tá Ọlọ́run. Ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí iṣẹ́ ni, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ìlà yẹn lórí ìwé owó oṣù, tó sì bi ara rẹ̀ pé ìgbà wo ni òun dé ṣọ́ọ̀ṣì kẹ́yìn. Wọ́n ti fi omi sàmì sí i lórí nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, ó ṣe konfaméṣọ̀n ní ọmọ ọdún 14, wọ́n kó ẹ̀bùn fún un, láti ọjọ́ náà ẹnikẹ́ni nínú ìjọ kò pè é rí. Tí ẹ bá ń wá àdúrà àkọ́kọ́, òun nìyẹn: fún àwọn ọmọ ọdún 20 sí 35 wọ̀nyí. Kí ẹnì kan nínú ìjọ mọ orúkọ wọn kí owó orí tó kọ́ wọn ní ìtumọ̀ ìjọ. Kátólíìkì fúnra rẹ̀ máa ń ka iye tó wá sí Máàsì: mẹ́fà sí méje nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ ìjọ ni. Síbẹ̀, ẹ lọ síbẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá. Ẹ ò ní rí ibi jókòó, àwọn tó fẹ̀yìn ti ògiri á sì kún dé ẹnu ọ̀nà. Ohun kan ṣì ń fà wọ́n. Mo máa ń sọ fún àwọn aládùúrà pé àsìkò Kérésìmesì ló yẹ kí wọ́n fi gbààwẹ̀ fún Jámánì, nítorí ìgbà yẹn ni oníwàásù rí àwọn tí kò ní rí fún odidi ọdún kan sí i.

Owó nìkan kọ́ ló ń lé wọn jáde o. Ní 2018, àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì gbé ìwádìí kan jáde tí àwọn fúnra wọn sanwó rẹ̀. Nínú ìwé àwọn díósíìsì láti 1946 sí 2014, wọ́n rí ọmọdé àti ọ̀dọ́ 3,677 tí àlùfáà bá ṣèṣekúṣe, wọ́n sì rí 1,670 àlùfáà àti àwọn ẹlẹ́sìn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn. Àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì rò pé ọ̀rọ̀ Kátólíìkì ni, ọ̀rọ̀ àwọn tí kì í gbéyàwó. Nígbà tó di oṣù Kìíní 2024, ìwádìí tiwọn náà jáde: ó kéré tán 2,225 ni wọ́n hùwà ìkà yìí sí, wọ́n sì mọ̀ pé ohun tó wà nínú ìwé kò tó ohun tó ṣẹlẹ̀. Ohun tó tún burú ni pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n kàn gbé ọ̀daràn láti ìjọ kan lọ sí òmíràn, tí wọ́n ní kí àwọn òbí mú un mọ́ra nítorí orúkọ Jésù. Ibí yìí, Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàdúrà pé kí Ọlọ́run bo ìjọ Rẹ̀ láṣìírí. Mo ti gbọ́ àdúrà yẹn lẹ́nu àwọn èèyàn wa, ó sì bà mí nínú jẹ́. Ẹ gbàdúrà fún àwọn tí wọ́n ṣe é sí, ọ̀pọ̀ wọn ti lé ní 60 ọdún báyìí, kí wọ́n rí ẹni gbà wọ́n gbọ́ kí wọ́n tó kú. Ẹ gbàdúrà kí àwọn olórí ìjọ ṣí ìwé sílẹ̀. Tí ẹ bá parí, ẹ gba irú rẹ̀ fún ìjọ tiyín.

Ìlà oòrùn Jámánì ni ọ̀rọ̀ ti wá yàtọ̀ pátápátá, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ yín fi ọ̀pọ̀ àkókò sí. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ Martin Luther, tí ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì ti ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Eisleben ni wọ́n ti bí i ní 1483, ibẹ̀ náà ló sì kú sí. Wittenberg ló ti gbé kókó ọ̀rọ̀ 95 tó fi tako àṣà ìjọ ìgbà náà jáde ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá 1517. Lónìí, ní ìpínlẹ̀ Sachsen-Anhalt tí ìlú méjèèjì wà, kò tó ẹnì kan nínú márùn-ún tó jẹ́ ọmọ ìjọ ńlá méjèèjì. Àwọn ará ibẹ̀ kò kọ ìgbàgbọ́ sílẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí. Bàbá wọn kò lọ, bàbá bàbá wọn ni kò lọ mọ́. Nígbà tí ìjọba Kọ́múníìsì gba ibẹ̀ ní 1949, bíi mẹ́sàn-án nínú èèyàn mẹ́wàá ló jẹ́ ọmọ ìjọ. Láti 1954 ni ìjọba ti gbé ètò kan kalẹ̀ tí ọmọ ọdún 14 máa ń ṣe, Jugendweihe, láti fi rọ́pò konfaméṣọ̀n: aṣọ tuntun, òdòdó, ìbúra fún ìjọba, àsè nílé. Ọmọ tó bá kọ̀ ọ́ lè máà rí ilé ìwé gíga wọ̀. Nǹkan bí ọdún márùndínlógójì ni wọ́n fi ṣe é. Nígbà tí ìjọba náà wó, bíi mẹ́ta nínú mẹ́wàá ló kù nínú ìjọ, ètò Jugendweihe náà kò sì kú títí di òní. Àwọn òbí tí kò fẹ́ràn Kọ́múníìsì rárá ṣì ń ṣe é fún ọmọ wọn.

Síbẹ̀, àdúrà ló ṣe iṣẹ́ tó tóbi jù ní ilẹ̀ yẹn láyé wa yìí. Láti 1982 ni wọ́n ti ń ṣe àdúrà àlàáfíà ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ gbogbo ọjọ́ Ajé ní ṣọ́ọ̀ṣì Nikolai ní Leipzig. Àwọn ìgbà kan wà tó jẹ́ pé ìwọ̀nba èèyàn tó ń wá, ẹgbẹ́ aládùúrà yín á pọ̀ jù wọ́n lọ. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹwàá 1989, ọlọ́pàá àti ṣọ́jà ti yí ìlú ká, ilé ìwòsàn ti kó ẹ̀jẹ̀ pamọ́ de àwọn tó máa fara gbọta. Ẹgbẹ́ òṣèlú ìjọba rán ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ lọ jókòó sínú ṣọ́ọ̀ṣì láti ọ̀sán kí àwọn aládùúrà má baà ríbi jókòó. Pásítọ̀ Christian Führer kí wọn káàbọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí wọ́n rán wá dí àdúrà lọ́wọ́ ṣe jókòó gbọ́ "Alábùkún fún ni àwọn òtòṣì ní ẹ̀mí", ọ̀pọ̀ wọn fún ìgbà àkọ́kọ́. Nígbà tí ìsìn parí, bíi 70,000 èèyàn ló rìn yí ìlú ká pẹ̀lú àbẹ́là lọ́wọ́, ìbọn kankan kò dún. Oṣù kan géérégé lẹ́yìn rẹ̀, ògiri Berlin ṣí.

Ẹ ò ní gbàgbọ́ ohun tó tẹ̀lé e: wọn ò padà wá. Ṣọ́ọ̀ṣì gbà wọ́n sílé nígbà ewu, ewu lọ, àwọn náà lọ. Mo mọ àwọn Kristẹni ará ibẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń dùn, tí wọ́n ń béèrè bóyá Ọlọ́run kàn lò wọ́n fún òṣèlú ni. Àwọn ni mo fẹ́ kí ẹ gbé lọ́kàn. Ní abúlé ìlà oòrùn, pásítọ̀ kan lè ní ilé ìsìn mẹ́wàá lábẹ́ àbójútó, kó máa wa ọkọ̀ láti ọ̀kan sí òmíràn láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, kó bá èèyàn mẹ́rin níhìn-ín, mẹ́fà lọ́hùn-ún, nínú òtútù tí kò sí owó láti fi tan iná amúlégbóná. Ọ̀rọ̀ tí Ìfihàn 3 sọ fún Sádísì ni mo máa ń rántí. Àwọn oníwàásù wa fẹ́ràn apá tó sọ pé "ìwọ ní orúkọ pé ìwọ ń bẹ láàyè, ṣùgbọ́n ìwọ kú". Ẹ ka ẹsẹ tó tẹ̀lé e: "Máa ṣọ́ra, kí o sì fi ẹsẹ̀ ohun tí ó kù múlẹ̀." Èèyàn mẹ́rin yẹn ni ohun tí ó kù. Ẹ gbàdúrà fún ìlera pásítọ̀ wọn, kí ó má sú u, kí ọ̀dọ́ tó ń ka ẹ̀kọ́ ìsìn gbà láti lọ sí abúlé.

Ohun mìíràn wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ìṣesí wọn tó lè yé yín. Ìjọ Jámánì bẹ̀rù iná. Tí ẹ bá gbàdúrà pé kí iná sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, ará Jámánì tó ń gbọ́ yín á sún sẹ́yìn díẹ̀. Ní 1933, pásítọ̀ tó pọ̀ ló gbé àsíá Hitler wọ ilé ìsìn, tí wọ́n ń pariwo lórí àga ìwàásù pé Ọlọ́run ló rán an. Wọ́n lé àwọn pásítọ̀ tó jẹ́ ọmọ Júù kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn díẹ̀ kọ̀. Ní oṣù Karùn-ún 1934, wọ́n péjọ ní Barmen, tó wà ní Wuppertal báyìí, kò jìnnà sí Dortmund, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé Jésù Kristi nìkan ni ọ̀rọ̀ Ọlọ́run tí àwọn gbọ́dọ̀ gbọ́. Paul Schneider kú sí àgọ́ Buchenwald ní 1939 nítorí ìwàásù rẹ̀. Wọ́n so Dietrich Bonhoeffer kọ́ ní Flossenbürg ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹrin 1945. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jù lọ dákẹ́, ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn sì ni àwọn olórí ìjọ dìde ní Stuttgart láti jẹ́wọ́ rẹ̀ níwájú àwọn ìjọ òkèèrè. Ẹni tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí nínú ilé rẹ̀ kì í yára ṣe Àmín mọ́. Nígbà tí wòlíì wa bá dé ibẹ̀ tó ń sọ pé Ọlọ́run ti yan olórí kan fún orílẹ̀-èdè, wọ́n á kàn wò ó ni. Mo rò pé wọ́n sàn jù wá lọ níbi yẹn.

Ìdánwò náà tún ti dé báyìí. Ní oṣù Kejì 2024, gbogbo bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì fẹnu kò pé Kristẹni kò lè dìbò fún ẹgbẹ́ òṣèlú AfD tó ń gbé ẹ̀yà Jámánì ga ju ẹlòmíràn lọ, EKD sì gbè wọ́n lẹ́yìn. Àwọn tó ń dìbò fún ẹgbẹ́ náà wà nínú ìjọ o, àwọn kan tilẹ̀ wà nínú ìgbìmọ̀ ìjọ. Ẹ gbàdúrà fún pásítọ̀ tó ní láti wàásù fún ẹgbẹ́ méjèèjì lọ́jọ́ Ìsinmi kan náà. Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin, tí mo mọ̀ pé ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ yín á gbé dìde: òótọ́ ni, ọ̀pọ̀ ìjọ ẹkùn EKD ń súre fún wọn, àwọn ará Jámánì fúnra wọn sì ń jiyàn lórí rẹ̀. Ẹ lè gbàdúrà lé e gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe gbà gbọ́. Kí ó má ṣáà jẹ́ òun nìkan lẹ máa gbà láti January títí dé December.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ní agbègbè Detmold àti Bielefeld, kò jìnnà púpọ̀ sí ibi tí ọmọ yín wà, àwọn ìjọ Onítẹ̀bọmi àti Mennonite wà tí àwọn ará Jámánì tó padà wá láti Rọ́ṣíà kọ́. Ilé ìsìn wọn ń kún, ọmọdé sì pọ̀ níbẹ̀ bí ti ilé wa. Ní Steglitz ní Berlin, ìjọ Luther kan tó ti kéré gbà àwọn ará Ìráànì àti Afghanistan tó ń wá sá di Jámánì, Pásítọ̀ Gottfried Martens sì ti sàmì fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn. Àdúrà wọn le: òṣìṣẹ́ ìjọba á jókòó tì wọ́n, á máa fi ìbéèrè wádìí bóyá ìgbàgbọ́ wọn dénú tàbí torí ìwé ìgbélùú ni. Ẹni tí wọ́n bá sọ pé irọ́ ló ń pa, tí wọ́n dá padà sí Ìráànì, ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu.

Herrnhut náà wà, ìlú kékeré kan ní Saxony. Ní oṣù Kẹjọ 1727 ni àwọn Kristẹni tó sá fún inúnibíni wá sórí ilẹ̀ ìjòyè kan tó ń jẹ́ Zinzendorf bẹ̀rẹ̀ àdúrà tọ̀sántòru, wọ́n pín wákàtí láàárín ara wọn, ó sì lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kó tó dáwọ́ dúró. Wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Ọdọọdún ni wọ́n máa ń ṣẹ́ kèké mú ẹsẹ Bíbélì kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé kékeré tí wọ́n ń pè ní Losungen. Láti 1731 ni ìwé náà ti ń jáde, ogun kò sì dá a dúró. Àwọn tí kì í fẹsẹ̀ kan ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá máa ń kà á nídìí kọfí àárọ̀. Ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Tí ẹgbẹ́ yín bá ń ka ẹsẹ yẹn lójoojúmọ́, ẹsẹ kan náà lẹ ó máa kà pẹ̀lú wọn. Mo fẹ́ èyí ju kí ẹ kọ kókó àdúrà 50 sórí bébà lọ.

Àwọn ọjọ́ kan tún wà tí ẹ lè bá wọn gbà á papọ̀. Ọ̀sẹ̀ àdúrà àwọn ìjọ oníhìnrere wà ní oṣù Kìíní. Ọjọ́ Ajé ní Leipzig, wọ́n ṣì ń ṣe é. Ọjọ́ ìrònúpìwàdà àti àdúrà náà wà, ọjọ́rú kan ní oṣù Kọkànlá, ọjọ́ mọ́kànlá ṣáájú ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú Ádífẹ́ńtì. Ọjọ́ ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ ni fún gbogbo orílẹ̀-èdè tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láti 1995 ni ìjọba ti fagi lé e níbi gbogbo àyàfi Saxony, kí àwọn ilé iṣẹ́ lè rí owó san fún ètò ìtọ́jú arúgbó. Wọ́n ta ọjọ́ àdúrà láti fi tọ́jú àgbà. Mi ò tíì mọ ohun tí mo máa sọ sí i.

Ó wá ku tiwa. Ìjọ àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ ní Jámánì, Rídíìmù, CAC, Deeper Life, Sẹ̀lẹ́, títí kan àwọn tí orúkọ wọn gùn ju iye ọmọ ìjọ lọ. Púpọ̀ nínú wọn ń háyà ilé ìsìn àwọn Jámánì lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, nígbà tí àwọn onílé bá ti jáde. Ìjà wọn kì í ju lórí kọ́kọ́rọ́, òórùn ọbẹ̀ nínú kíṣìnì, àti ìlù: òfin ibẹ̀ ní kí ìlú pa rọ́rọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi, aládùúgbò á sì pe ọlọ́pàá. Pásítọ̀ wa á ní òun wá gba Jámánì là, ṣùgbọ́n ìjọ lè pé ogún ọdún kí ọmọ Jámánì kan tó jókòó nínú rẹ̀ yàtọ̀ sí ọkọ tàbí ìyàwó ẹnì kan. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ ń ronú ní èdè Jámánì, wọ́n ń gbọ́ ìwàásù ní Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń kọrin ní Yorùbá. Tí wọ́n bá pé ọdún 18, àwọn náà ń lọ, wọn ò tiẹ̀ nílò kóòtù. Ẹ gbàdúrà fún àwọn ọmọ yìí gidigidi, nítorí àwọn ló lè bá ẹgbẹ́ méjèèjì sọ̀rọ̀.

Ọmọ yín, kó lọ síbi méjèèjì. Láàárọ̀, ìgbà méjì lóṣù, kó lọ sí ti àdúgbò. Lọ́sàn-án, kó lọ sọ́dọ̀ àwọn èèyàn wa, nítorí àjèjì tí kò ní ará, òtútù á pa á. Ìsìn àwọn Jámánì kì í ju wákàtí kan lọ, wọn kì í ké Halelúyà, wọ́n lè má kí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kó má bínú. Tí ìsìn bá parí, kó má sáré jáde, kó dúró mu kọfí tí wọ́n máa ń pín nínú gbọ̀ngàn, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Àwọn arúgbó tó rí yẹn, àwọn ló kù tó ń gbàdúrà níbẹ̀, inú wọn á sì dùn pé nọ́ọ̀sì wà láàárín wọn. Kó béèrè orúkọ wọn, kó fi ránṣẹ́ sí yín, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ lórí wọn. Ní ti ààyè ẹ̀sìn lórí fọ́ọ̀mù, tí ó bá ti kọ evangelisch síbẹ̀, kó wo ìwé owó oṣù rẹ̀ dáadáa: ó ti ń san owó fún ìjọ yẹn tẹ́lẹ̀, kò sí ìdí tí kò fi ní lọ jókòó níbẹ̀.